Ìkùukùu Tí Wọ́n Kà Mọ́ Òkú

Bí ìràwọ̀ ńlá bá bú gbàù, gáàsì tó tú jáde lára rẹ̀ máa ń tàn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún kó tó pòórá. Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ a máa kọ irú ìkùukùu bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń kọ orúkọ òkú. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú ìwé wọn tí ọ̀rọ̀ wọn rú ni lójú. MF16, nínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ NGC 6946, mọ́lẹ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn fẹ̀ tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ìmọ́lẹ̀ (ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn lọ́dún kan ni ọdún ìmọ́lẹ̀ kan), agbára inú wọn sì tó ti ìràwọ̀ mẹ́wàá tó bú pa pọ̀. Òkú wo ló lágbára tó yẹn?

Ibòmíì ni ìdáhùn gbà wá. Sátẹ́láìtì Einstein, tí Amẹ́ríkà gbé sójú ọ̀run ní 1978, rí àwọn ojú ìtànṣán X kan nínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tó jìnnà sí wa. Wọn kò sí láàárín gbùngbùn, níbi tí ihò dúdú ràgàjì, èyí tí agbára òòfà rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pàápàá bọ́, máa ń wà, síbẹ̀ ọ̀kan ṣoṣo ń tàn ju oòrùn wa lọ ní ìlọ́po 250,000. ULX ni wọ́n wá ń pè wọ́n, ìyẹn ojú ìtànṣán X tó mọ́lẹ̀ rékọjá. Ihò dúdú tàbí ìràwọ̀ niútírọ́nù (ìyókù ìràwọ̀ tó ti kú, tó sún pọ̀ gírígírí) ló ń jẹ ìràwọ̀ ẹnìkejì rẹ̀ níbẹ̀, ó sì ń jẹ àjẹkì. Ohun tí ọ̀fun rẹ̀ kò gbà, ṣe ló ń tu ú dànù: ní 2016, wọ́n rí ìjì gáàsì lára méjì nínú wọn tó ń sáré tó ìdá kan nínú márùn-ún eré ìmọ́lẹ̀.

Manfred Pakull àti Laurent Mirioni, ní Strasbourg nílẹ̀ Faransé, ló so okùn méjèèjì pọ̀ ní nǹkan bí 2002. Wọ́n kọjú awò sí ibi tí àwọn ULX wà, wọ́n sì bá ìkùukùu yí mélòó kan ká. Nígbà tí wọ́n pín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí àwọ̀, ti ọ́síjìn níbẹ̀ jẹ́ ti gáàsì tí nǹkan kọlù, kì í ṣe èyí tí ìràwọ̀ kàn ń mú gbóná: ohun tí ULX ń tu dànù ló ń kọlù ú.

Èyí tó wù mí jù ni S26, ní NGC 7793. Òun náà wà lára àwọn tí wọ́n fura sí pé òkú ni. Ní 2010, Pakull, Roberto Soria àti Christian Motch fi hàn pé ojú ìtànṣán X mẹ́ta ló tò sórí ìlà kan nínú rẹ̀. Ihò dúdú ni ti àárín. Méjì tó kù ni ibi tí ọfà gáàsì tó ń ta síwá sẹ́yìn ti ń gbá ògiri ìkùukùu náà. Ìkùukùu náà fẹ̀ tó 1,000 ọdún ìmọ́lẹ̀, ó sì ń wú sí i. Ihò dúdú ọ̀hún fúnra rẹ̀ kò tàn tó ULX lójú wa o. Ọfà ló kó agbára rẹ̀ lọ.

Bẹ́ẹ̀ nínú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tiwa níbí, ìkùukùu kan tó ń jẹ́ W50 ti wà nínú ìwé láti 1958, ó gùn gbọọrọ, etí rẹ̀ méjèèjì yọ síta níbi tí ọfà SS 433, ìràwọ̀ méjì inú rẹ̀ tí ọ̀kan ń jẹ èkejì, ti gún un.