Kí Ni À Ń Pè Ní Gbígba Àmì-Ara?

Nínú ọ̀pọ̀ ìròyìn Yorùbá tí mo ń kà nípa àwọn ọmọ wa tí wọ́n gba Líbíà sọdá sí Ítálì, "báyómẹ́tíríìkì" ni àwọn oníròyìn ń pe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe nígbà tí ó bá ka ìka, ojú tàbí ẹyinjú ènìyàn láti dá a mọ̀, bí ẹni pé bí a bá ti fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ti di tiwa nìyẹn. Àwọn tí wọ́n kórìíra àyálò yìí tún ṣe èyí tí ó burú jù: wọ́n la ọ̀rọ̀ náà sí méjì, wọ́n pe apá kan ní ìyè, wọ́n pe ìkejì ní ìwọ̀n, wọ́n sì so wọ́n pọ̀ di "ìwọ̀n ìyè". Ta ni ó ń wọn ìyè ẹnikẹ́ni? Ẹni tí ó bá kà á pé wọ́n ṣe ìwọ̀n ìyè àwọn ogúnléndé yóò rò pé dókítà ni ó ń yẹ̀ wọ́n wò bóyá wọn yóò yè.

"Ìtẹ̀ka" sàn jù, nítorí pé ẹnu ará ìlú ni ó ti wá, ṣùgbọ́n kò kájú ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe ìka nìkan ni ẹ̀rọ ń kà. Ní àgọ́ ogúnléndé Zaatari ní Jọ́dánì, ní ọdún 2016, ẹyinjú ni wọ́n ní kí àwọn ará Síríà máa fi ra oúnjẹ: wọn yóò wo inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yóò dá wọn mọ̀, owó ìrànwọ́ WFP, àjọ oúnjẹ àgbáyé, yóò sì san ohun tí wọ́n kó. Ìdí kejì ni ó ká mi lára jù. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí ó bá tẹ̀ka sí ìwé ti fara mọ́ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ẹnubodè Yúróòpù, òfin ni ó ní kí ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá gun orí gíláàsì ẹ̀rọ, kì í ṣe ìfẹ́ inú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Nítorí náà ni mo ṣe ń kọ ọ́ pé "gbígba àmì-ara". Bí ìjọba ṣe ń gba owó orí lọ́wọ́ ẹni ni ó ṣe ń gba èyí náà, ìbáà wù ú, ìbáà má wù ú. (Ìyàtọ̀ tí àwọn amòfin ń ṣe láàárín ogúnléndé àti àtìpó kò dí wa lọ́wọ́ níhìn-ín, ẹ̀rọ kan náà ni ó ń dúró de àwọn méjèèjì.)

Ọ̀rọ̀ náà tún bá iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe mu. Láyé àtijọ́, bí ogun bá tú ènìyàn ká, ilà ojú ni ó ń sọ ìlú tí a ó dá ẹni padà sí. Eurodac, ilé-ìpamọ́ àmì ìka tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù kìíní ọdún 2003, ń kọ irú ilà bẹ́ẹ̀ fún àjèjì. Ẹni tí wọ́n gba àmì-ara rẹ̀ ní Lampedusa, erékùṣù Ítálì, bí ó bá dé Jámánì tí ó sì béèrè ààbò, wọn yóò fi ìka rẹ̀ wé àwọn tí ó wà nípamọ́. Bí ó bá bára mu, òfin tí ó ti inú àdéhùn Dublin ti ọdún 1990 jáde, èyí tí ó ń sọ orílẹ̀-èdè tí yóò gbọ́ ẹ̀bẹ̀ ẹni tí ó béèrè ààbò, fún Jámánì láyè láti ní kí Ítálì wá gba ẹni tirẹ̀. Àmọ́ ará ilé ẹni ni ó ń kọ ilà ojú, gbogbo ayé ni ó sì lè kà á. Ti Eurodac, ìjọba nìkan ni ó ń kà á.

A lè ju ìwé ìrìnnà sínú òkun, a kò lè ju ara nù. Ní Calais, ní etíkun Faransé, àwọn kan tí ń wá ọ̀nà àtisọdá sí Ìlú Ọba ti fi irin gbígbóná jó orí ìka wọn kí ẹ̀rọ má baà rí i kà. Ọdún 10 ni wọ́n fi ń tọ́jú àmì-ara ẹni tí ó béèrè ààbò, àti pé láti oṣù keje ọdún 2015 ni wọ́n ti ṣí ilé-ìpamọ́ náà fún àwọn ọlọ́pàá tí ń wá ọ̀daràn ńlá, bẹ́ẹ̀ ààbò tí ẹni náà béèrè ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbà á.

Òfin tuntun ti Eurodac ti ọdún 2024 fi àwòrán ojú kún ìka, ó sì mú ọjọ́ orí tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba àmì-ara ẹni wálẹ̀ láti ọdún 14 sí ọdún 6. Oníròyìn tí ó bá kọ ọ́ pé ọmọ ọdún 6 tẹ̀ka ti sọ fún wa pé ọmọ náà mọ ohun tí ó fọwọ́ sí. Kí ó kọ ọ́ pé wọ́n gba àmì-ara ọmọ náà.