Bí wọ́n ṣe ń ṣa ìyá ẹ̀jẹ̀ jáde nínú mùdùnmúdùn

Ní búkà alámàlà ní Bódìjà, kò sẹ́ni tí wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa mùdùnmúdùn. Eegun ẹsẹ̀ màlúù á dún gbà létí abọ́, ẹnu á gbé e, ọ̀rá á bọ́ sórí ahọ́n. Ọ̀rá náà ni lóòótọ́. Bí ẹran tàbí èèyàn bá ti dàgbà, ọ̀rá ló máa ń gba ipò mùdùnmúdùn pupa nínú eegun ẹsẹ̀. Pupa yẹn, èyí tó ń dá ẹ̀jẹ̀, á wá kù sí eegun ìbàdí, eegun ẹ̀yìn, eegun àyà àti ìhà. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń gún ẹ̀yìn ìbàdí, kì í ṣe ojúgun.

Nínú pupa yìí ni sẹ́ẹ̀lì kan wà tó lè bí gbogbo ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀. Ìyá ẹ̀jẹ̀ ni ká máa pè é níhìn-ín. Òun ni wọ́n ń gbìn sára ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tàbí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ lábẹ́ máíkírósíkóòpù, kékeré róbótó ni, ó kàn jọ sẹ́ẹ̀lì funfun kan ṣáá. Ojú ò lè ṣà á bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.

Wọ́n á fi oògùn pa ẹ̀yìn ìbàdí kú, abẹ́rẹ́ á la eegun kọjá, wọ́n á sì fi sìríǹjì tó ní heparin nínú fa mùdùnmúdùn, kó má baà dì. Ẹni tí wọ́n ti ṣe é fún rí á sọ pé fífà yẹn ló dun òun ju gígún lọ. Wọn kì í fa púpọ̀ lójú kan: lẹ́yìn mílílítà díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lásán ló ń dà wọlé, á sì bomi là á.

Ìwúwo ló kàn. Ẹni tó ń ṣe ògì mọ̀ pé ògì á wà nísàlẹ̀, omidùn á dúró lókè. Nínú túùbù, Ficoll ni wọ́n kọ́kọ́ ń dà sísàlẹ̀, omi tí mílílítà rẹ̀ kan wọn gíráàmù 1.077. Wọ́n á dẹ túùbù sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí mùdùnmúdùn rọra máa kán lé e lórí, tó, tó, tó, kí méjèèjì má baà dàpọ̀. Ẹ̀rọ á fi í yí bírí fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Wọn kì í fa búréèkì rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dúró. (Ní Ìbàdàn, kí iná má lọ láàárín yẹn ni àdúrà, àbí kí jẹnẹrétọ̀ wà nítòsí.) Ẹ̀jẹ̀ pupa á ti lọ sísàlẹ̀ pátápátá, omi aláwọ̀ ìyeyè á wà lókè, láàárín wọn sì ni ìkùukùu funfun tín-ínrín kan wà tó rí bí èéfín. Òun ni wọ́n ń fà.

Nínú 100 sẹ́ẹ̀lì inú ìkùukùu yẹn, bíi 1 sí 3 péré ló ní àmì CD34 lára, ìyẹn purotéènì kan tí ìyá ẹ̀jẹ̀ máa ń ní lára. Ní 1984 ni Curt Civin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa áńtíbọ́dì (èròjà tó máa ń lẹ̀ mọ́ ohun kan pàtó) tó ń dá àmì yìí mọ̀. Wọ́n ń so eruku irin mọ́ irú áńtíbọ́dì bẹ́ẹ̀, á lẹ̀ mọ́ CD34, wọ́n á da gbogbo rẹ̀ gba inú ọ̀pá tó wà láàárín òòfà. Èyí tí kò ní àmì á ṣàn kọjá, èyí tó ní in á há. Tí wọ́n bá yọ ọ̀pá kúrò lẹ́nu òòfà, omi díẹ̀ á ṣàn án jáde. Ẹ̀rọ lésà tún wà tó ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó péye ju òòfà lọ, ṣùgbọ́n ó lọ́ra.

Síbẹ̀, àmì ara lásán ni gbogbo èyí. CD34 wà lára àwọn ọmọ ìyá ẹ̀jẹ̀ náà, nítorí náà ẹni tó kó sẹ́ẹ̀lì CD34 kún ìgò kò tíì rí ìyá nìkan mú. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Wọ́n á gbin sẹ́ẹ̀lì náà sára eku tí ara rẹ̀ kò lágbára láti lé àlejò jáde, wọ́n á dúró fún oṣù mélòó kan, wọ́n á wá wò ó bóyá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ èèyàn wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bó bá wà níbẹ̀, wọ́n á gba mùdùnmúdùn eku yẹn, wọ́n á gbìn ín sára eku kejì, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìyá ẹ̀jẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, wọ́n á tún dúró.