Ìdábẹ́ Kò Sọ Ọkùnrin Di Ẹni Tí HIV Kò Lè Ràn
Láti ọdún 2007 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dámọ̀ràn ìdábẹ́ fún ọkùnrin níbi tí HIV ti gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọkùnrin ní ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà ló ti dábẹ́, títí kan àwọn Luo ti Kẹ́ńyà tí kò sí nínú àṣà wọn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ kan ń bá a rìn ní àwọn abúlé kan, pé ẹni tó bá ti dábẹ́ kò lè kó HIV mọ́, kò sì nílò kọ́ńdọ́ọ̀mù. Ìgbàgbọ́ yìí léwu gan-an, nítorí pé òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ìwádìí mẹ́ta, ní Orange Farm ní Gúúsù Áfíríkà, ní Kisumu ní Kẹ́ńyà àti ní Rakai ní Ùgáńdà, fi hàn pé ìdábẹ́ ń dín ewu kí ọkùnrin kó HIV lára obìnrin kù ní nǹkan bí ìdá 60 nínú 100. Inú awọ tí wọ́n gé kúrò yẹn ni irú sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò náà ń wá pọ̀ sí. Síbẹ̀, ní ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn kan tó ti dábẹ́ ṣì kó o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń gba ìmọ̀ràn lórí bí wọ́n ṣe lè dáàbò bo ara wọn. Ní ti àtọ̀sí, ìwádìí ti Kisumu kò rí i pé ìdábẹ́ dín in kù.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ló ká mi lára jù. Ní Rakai, wọ́n dábẹ́ fún àwọn ọkùnrin tó ti ní HIV lára. Àbájáde tó jáde ní 2009 fi hàn pé kò dáàbò bo àwọn ìyàwó wọn, ó sì jọ pé ewu tiẹ̀ pọ̀ sí i fún àwọn tí ọkọ wọn kò dúró kí egbò jinná kí wọ́n tó bá wọn lò pọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ní kí ọkùnrin fi dúró. Nítorí náà, bí ọkọ bá sọ pé, “Mo ti dábẹ́, kí la tún ń lo rọ́bà fún?”, ìyàwó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí àwọn méjèèjì kọ́kọ́ lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ìdábẹ́ ti ìbílẹ̀ tún yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣèwádìí rẹ̀. Láàárín àwọn Xhosa ti Gúúsù Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti ń dábẹ́ fún ọmọkùnrin kó tó di ọkùnrin, àwọn olóòlà mìíràn kì í gé awọ náà tán, abẹ kan tí wọ́n bá sì lò fún ọmọ púpọ̀ láìsè é lè gbé HIV láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn.