Ejò Kò Bù Wá Ṣán Rí, Kí Ló Dé Tí À Ń Sá?

Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Òótọ́ ni òwe yìí sọ: ohun tó bá ti ṣe èèyàn rí ni èèyàn ń sá fún. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwa tí à ń sá fún ejò, mélòó ni ejò ti bù ṣán rí? Èyí tó pọ̀ jù nínú wa, àwòrán rẹ̀ la rí, tàbí igbe ẹlòmíràn la gbọ́. Síbẹ̀ àyà wa ń já. Bí wọ́n bá sì bi wá pé kí ló fà á, ohun tó máa ń yá wa lẹ́nu ni pé "bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn."

Ìdáhùn yẹn ni mo fẹ́ tú wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ẹ̀rù wa, ojú tí a fi ń wo ara wa, àti bí èrò ṣe ń sọ sí wa lọ́kàn, àmútọ̀runwá ni gbogbo wọn. Wọ́n ní àṣà kò ju aṣọ, ijó àti ìkíni lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ tó mọ orúkọ ara rẹ̀ pè, àṣà ti ń bá a mọ ọkàn rẹ̀ bí ẹni ń mọ ìkòkò.

Ẹ wo bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 1985, James Sorce, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àwọn ọmọ ọdún kan sórí tábìlì onígíláàsì. Ní apá kan, pákó wà lábẹ́ gíláàsì náà tímọ́tímọ́. Ní apá kejì, abẹ́ rẹ̀ jìn díẹ̀, ó dà bíi pé ọmọ lè já bọ́, bẹ́ẹ̀ gíláàsì náà le dáadáa. Jíjìn náà kò tó ohun tí ọmọ yóò torí rẹ̀ ké, ṣùgbọ́n ó tó ohun tí yóò mú un dúró kó wo ojú ìyá rẹ̀ tó wà ní òdìkejì. Wọ́n ní kí àwọn ìyá kan rẹ́rìn-ín, kí àwọn mìíràn fi ojú ṣe bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà, kí wọ́n má sọ̀rọ̀. Nínú ọmọ 19 tó rí ojú ẹ̀rín, 14 ló rá kọjá. Nínú ọmọ 17 tó rí ojú ẹ̀rù, kò sí ẹyọ kan tó kọjá.

Mi ò lè gbàgbé ìdánwò yìí. Gíláàsì kan náà ni, jíjìn kan náà ni, ojú ìyá nìkan ló yàtọ̀. Àwọn ọmọ tí kò tíì lè sọ gbólóhùn kan ti ń ti ojú ẹlòmíràn mọ ohun tó léwu láyé. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń wáyé láìmọye ìgbà kí ọmọ tó dàgbà, kò sì ní rántí púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí èèyàn kò rántí ìgbà tó kọ́ ọ ló máa ń pè ní ìwà òun.

Wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ ejò náà wò. Ní àwọn ọdún 1980, Susan Mineka àti Michael Cook fi ọ̀bọ ṣe ìwádìí. Àwọn ọ̀bọ tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ilé ìwádìí kò bẹ̀rù ejò. Wọ́n ń na ọwọ́ kọjá lórí rẹ̀ láti mú oúnjẹ. Nígbà tí wọ́n wá rí bí ọ̀bọ tó dàgbà nínú igbó ṣe ń gbọ̀n rìrì nítorí ejò, ẹ̀rù náà ran àwọn náà. Kódà wíwò ó nínú fídíò ti tó. Àwọn olùwádìí tún fídíò náà gé, wọ́n fi òdòdó rọ́pò ejò, kó lè dà bíi pé òdòdó ni ọ̀bọ inú rẹ̀ ń sá fún. Àwọn ọ̀bọ tó wo ìyẹn kò bẹ̀rù òdòdó.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní àṣà ló ṣe ohun gbogbo ti sọ ọ́ kọjá bó ṣe rí. Àwọn ẹ̀rù kan wà tí ara tètè ń kọ́ ju àwọn mìíràn lọ, bí igi gbígbẹ ṣe ń tètè gbiná. Ṣùgbọ́n igi gbígbẹ kì í dá iná sun ara rẹ̀.

Àwọn ẹ̀rù mìíràn sì wà tí kò ní ejò kankan nínú. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà 13 ni wọ́n ń sá fún. Ní Ítálì, 17 ni. Ní Ṣáínà, Japan àti Kòríà, 4 ni, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń pè é jọ bí wọ́n ṣe ń pe ikú, débi pé àwọn ilé gíga kan wà níbẹ̀ tí wọn kì í kọ 4 sí àjà kankan. Ẹni tó ń sá fún 13 lè sùn fọnfọn ní yàrá 4, kí ẹni tó ń sá fún 4 má lè pa ojú dé níbẹ̀. Ẹ má fi ẹni tí kò lè sùn ṣe ẹlẹ́yà o. Ẹ̀rù tí a kọ́ kì í ṣe ẹ̀rù irọ́. Àyà kì í béèrè ibi tí ẹ̀rù ti wá kó tó máa lù kìkì.

Ti ojú tí a fi ń wo ara wa ló dùn mí jù. Ní àwọn ọdún 1940, tọkọtaya kan tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, Kenneth àti Mamie Clark, gbé ọmọlangidi funfun àti èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú síwájú àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú 253 ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún mẹ́ta sí méje. Yàtọ̀ sí àwọ̀ ara àti ti irun, ohun gbogbo lára àwọn ọmọlangidi náà bára mu. Ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ náà ní funfun làwọn fẹ́ fi ṣeré. Nígbà tí wọ́n béèrè èyí tí kò dára, ìdá 59 nawọ́ sí dúdú. Wọ́n wá béèrè èyí tó jọ ọmọ náà fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ kan bú sẹ́kún, àwọn kan sá jáde. Ọmọ ọdún mẹ́ta! Ta ló lè sọ pé inú ìyá ni wọ́n ti gbé ìyẹn wá? Ní 1954, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà tọ́ka sí iṣẹ́ Kenneth Clark nínú ìdájọ́ tó fòpin sí yíya ilé ẹ̀kọ́ ìjọba sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀.

Ní agbègbè Nadroga ní Fiji, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan nínú Òkun Pàsífíìkì, níbi tí ara tó síngbọnlẹ̀ ti níyì tipẹ́, tẹlifíṣọ̀n dé ní 1995. Anne Becker ṣèwádìí láàárín àwọn ọmọbìnrin iléèwé ní ọdún náà, ó sì padà lọ ní 1998. Ní àkọ́kọ́, kò sí ẹyọ kan tó ní òun ń mọ̀ọ́mọ̀ bì kí òun má bàa sanra. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ìdá 11.3 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ṣe é. Lóòótọ́, ìgbésí ayé níbẹ̀ ń yí padà lọ́nà mìíràn pẹ̀lú, àwọn ọmọ tí Becker bá sọ̀rọ̀ nígbà kejì kì í sì í ṣe àwọn ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà fi ẹnu ara wọn sọ pé àwọn fẹ́ rí bí àwọn tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n.

Ẹlòmíràn á ní, "Àwọn yẹn ni àṣà ń darí, èmi ń dá ronú ní tèmi." Hazel Markus àti Shinobu Kitayama, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, kọ ọ́ ní 1991 pé ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń tọ́ ọmọ láti rí ara rẹ̀ bí ẹni tó dá dúró, ṣùgbọ́n ní Japan, bí ẹni tó so mọ́ àwọn tó yí i ká. A jẹ́ pé ẹni tó ń fi dídá ronú yangàn náà, ibì kan ló ti kọ́ ọ.

Ohun tí a kọ́ ṣeé kọ́ lákọ̀tun, àmọ́ kì í yá. Ní 1924, Mary Cover Jones, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ nípa ọmọkùnrin kan tó pè ní Peter, tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, tí ẹ̀rù ehoro ń bà. Ó mú àwọn ọmọ tí kò bẹ̀rù ehoro wá bá a ṣeré. Lẹ́yìn náà, bí Peter bá ń jẹ ohun tó fẹ́ràn, wọ́n á gbé ehoro wọlé nínú àgò, kí ó jìnnà sí i, wọn á wá máa sún un mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Láàárín kan, ajá ńlá kan fò mọ́ ọn, ẹ̀rù náà sì padà bọ̀ sípò. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, Peter na ọwọ́ rẹ̀ jáde, ó jẹ́ kí ehoro náà máa rọra ge òun níka jẹ.