Redshirt: ọdún ìdúró tó ń pinnu èwo nínú quarterback méjì ni yóò gbá

Bí ọmọ yín bá ń gba bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà ní yunifásítì, láìpẹ́ láìjìnnà, akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ lè sọ fún un pé redshirt ni yóò ṣe lọ́dún yìí. Òbí tí kò mọ bí ètò náà ṣe rí lè rò pé wọ́n ti yọ ọmọ òun kúrò nínú ikọ̀, tàbí pé ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Rárá o. Redshirt ni ọdún tí agbábọ́ọ̀lù fi wà nínú ikọ̀, tó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbára dì, tó ń lọ sí kíláàsì, tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún un sì ń bá a lọ, ṣùgbọ́n tí kì í bá wọn wọ ìdíje, kí wọ́n má baà ka sáà náà mọ́ iye sáà tó ní láti gbá.

Òfin NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá láàárín àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ní gbogbo ọdún tí màá mẹ́nu bà níbí, ọdún márùn-ún ni wọ́n ń fún ọmọ láti fi gbá sáà mẹ́rin, àfi pé wọn ò ka sáà 2020 mọ́ ẹnikẹ́ni nítorí àrùn kòrónà. Láti ìgbà tó bá ti wọlé gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ti ń ka ọdún márùn-ún náà, bó gbá, bí kò gbá. Ọdún kan tó lé lórí mẹ́rin yẹn ni àyè redshirt. Tẹ́lẹ̀, bí ọmọ bá fẹsẹ̀ kan pápá lẹ́ẹ̀kan péré, kódà kó jẹ́ ní ìparí eré tí ikọ̀ rẹ̀ ti fi àmì rẹpẹtẹ borí, sáà kan ti lọ nìyẹn, àfi tó bá fara pa. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2018, NCAA dẹ òfin náà díẹ̀: ọmọ lè wọ eré mẹ́rin nínú sáà kan, kí wọ́n sì ṣì ka sáà náà sí redshirt. Bó bá wọ ẹ̀karùn-ún, ó ti ná an tán.

Ní ti orúkọ rẹ̀, ọdún 1937 ni wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí, nígbà tí Warren Alfson ní Yunifásítì Nebraska tọrọ àyè láti máa gbára dì láìwọ ìdíje, tó sì ń wọ ẹ̀wù pupa tí kò ní nọ́ńbà.

Gbogbo ipò ni òfin yìí kàn, ṣùgbọ́n ipò quarterback ló ti ń ta jù. Quarterback ni ẹni tí bọ́ọ̀lù ń dé ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ìgbìyànjú kọ̀ọ̀kan. Òun ló máa jù ú síwájú, tàbí kó fi lé ẹlòmíì lọ́wọ́, tàbí kó gbé e sáré fúnra rẹ̀, ó sì lè má ní ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ láti fi pinnu. Ẹ wò ó bí ipò aṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù tí a mọ̀ nílé: ẹnì kan ṣoṣo ló ń dúró síbẹ̀. Àwọn tó ń sáré, àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù mọ́ra, àwọn tó ń dènà, gbogbo wọn ló lè máa rọ́pò ara wọn látìgbà dégbà nínú eré kan náà. Quarterback kejì lè wà ní ẹ̀gbẹ́ pápá láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà títí dé òpin rẹ̀.

Nítorí náà, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ní ọ̀dọ́ quarterback méjì lọ́wọ́ ń pín ọdún fún wọn ni. Ẹni tó bá yàn yóò ná sáà rẹ̀ lórí pápá. Ẹnì kejì ní láti mọ̀ bóyá òun á fi tòun pamọ́, tàbí òun á ná an sórí ìdúró, tàbí òun á gbé e lọ sí yunifásítì mìíràn. Apá tó lágbára, ojú tó ń tètè rí àyè, ẹsẹ̀ tó yá, gbogbo rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Síbẹ̀ bí àwọn méjèèjì bá fẹ́ẹ̀ dọ́gba, kàlẹ́ńdà ló máa ń bá wọn parí ẹjọ́.

Ọ̀sẹ̀ kan wà ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 tó fi gbogbo èyí hàn kedere. Òfin eré mẹ́rin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni.

Ní Clemson, ní ìpínlẹ̀ South Carolina, Kelly Bryant ló ń gbá ipò náà. Ọdún méjì ló fi wà lẹ́yìn Deshaun Watson. Nígbà tí Watson lọ, Bryant gba ipò ní 2017, ó sì kó ikọ̀ náà dé àárín àwọn mẹ́rin tó kẹ́yìn ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Nínú eré 18 tó bẹ̀rẹ̀ fún Clemson, 16 ni wọ́n borí. Àmọ́ ní Oṣù Kìíní ọdún 2018, Trevor Lawrence dé láti ìlú Cartersville ní Georgia, ọmọkùnrin gíga kan tí àwọn tó ń wo ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ti ń pariwo rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ girama. Dabo Swinney, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, lo àwọn méjèèjì nínú eré mẹ́rin àkọ́kọ́: Bryant a bẹ̀rẹ̀, Lawrence a wọlé rọ́pò rẹ̀. Nínú ẹ̀kẹrin, ní ilé Georgia Tech, Lawrence ju touchdown mẹ́rin, èyíinì ni pé ẹ̀ẹ̀mẹrin ni bọ́ọ̀lù tó jù gbé ikọ̀ rẹ̀ wọ ìpẹ̀kun pápá alátakò, àmì mẹ́fà mẹ́fà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 24 oṣù náà, Swinney kéde pé Lawrence ni yóò máa bẹ̀rẹ̀ eré. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, Bryant ti fi ikọ̀ sílẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. 2015, 2016, 2017: sáà mẹ́ta ti lọ. 2018 ni ẹ̀kẹrin, ó sì ti wọ eré mẹ́rin nínú rẹ̀. Bó bá wọ eré karùn-ún tí wọ́n fẹ́ bá Syracuse gbá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kódà fún ìṣẹ́jú kan, ọdún yẹn náà ni bọ́ọ̀lù yunifásítì parí fún un, lẹ́yìn ẹni tó ti gba ipò rẹ̀. Bí kò bá wọ̀ ọ́, ó ṣì ní sáà kan gbáko fún 2019. Àwọn kan bú u pé ó já àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jù sílẹ̀. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó fi ọdún méjì dúró de ẹlòmíì, tó wá gbé ikọ̀ dé ibi tó gbé e dé, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè sùúrù mọ́. Missouri ló ti lọ gbá sáà rẹ̀ tó kù. Mo sì gbóríyìn fún Swinney náà, torí pé kí eré karùn-ún tó dé ló ti sọ ibi tí òun dúró sí. Bó bá fi ọ̀sẹ̀ kan péré falẹ̀, ọ̀nà ti dí mọ́ Bryant.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta wá dé. Kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí, wọ́n gbé Lawrence ṣánlẹ̀, kò sì lè padà wọlé. Bryant ti lọ. Ẹni tó kù ni Chase Brice, ọmọ tó ṣe redshirt ní 2017, tó fi odindi ọdún kan gbára dì láìwọ ìdíje kankan. Syracuse ní àmì 23, Clemson ní 20, bọ́ọ̀lù sì wà nítòsí ìpẹ̀kun tiwọn fúnra wọn. Yáàdì 94 ni Brice kó wọn rìn, Travis Etienne gbé bọ́ọ̀lù wọlé, eré parí sí 27 sí 23. Eré 15 ni Clemson gbá nínú sáà yẹn láìpàdánù ẹyọ kan. Ní ọjọ́ 7 Oṣù Kìíní ọdún 2019, pẹ̀lú Lawrence lórí pápá, wọ́n na Alabama 44 sí 16 nínú àṣekágbá. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé kí ni ọmọ ń rí nínú ọdún tó fi dúró, ẹ sọ ìtàn Brice fún un. Láìsí eré kan ṣoṣo yẹn, ta ló mọ ibi tí sáà náà ì bá gbà?

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan náà, ní Tuscaloosa, ìlú tí Yunifásítì Alabama wà, Jalen Hurts dé ìkòríta tí Bryant dé, ó sì gba ọ̀nà kejì. Láti ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 2016 ni Hurts ti ń bẹ̀rẹ̀ eré fún Alabama. Nínú 28 tó bẹ̀rẹ̀ ní sáà méjì, méjì péré ni wọ́n pàdánù. Ṣùgbọ́n nínú àṣekágbá ọjọ́ 8 Oṣù Kìíní ọdún 2018, Georgia ti fi 13 sí òdo ṣíwájú nígbà tí ìdajì àkọ́kọ́ parí. Akọ́nimọ̀ọ́gbá Nick Saban yọ ọ́, ó fi Tua Tagovailoa sí i, ọmọ Hawaii tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì. Eré wọ àfikún àkókò, Tagovailoa ju bọ́ọ̀lù yáàdì 41 sí DeVonta Smith, Alabama gbé ife pẹ̀lú 26 sí 23. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, Tagovailoa ló ń bẹ̀rẹ̀ eré.

Gbogbo ènìyàn ń wò ó bóyá Hurts yóò dúró lórí eré mẹ́rin kó lè fi sáà náà pamọ́. Lọ́jọ́ 29 Oṣù Kẹsàn-án, Alabama gba àlejò Louisiana, Hurts wọlé. Eré karùn-ún rẹ̀ nìyẹn. Ó ti yàn láti ná 2018 gẹ́gẹ́ bí igbákejì. Ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kejìlá, ní Atlanta, nínú pápá tí wọ́n ti yọ ọ́ ní Oṣù Kìíní, Tagovailoa fara pa lẹ́sẹ̀. Georgia kan náà ló tún wà níwájú wọn, 28 sí 21. Hurts wọlé, ó ju touchdown kan tó mú kó dọ́gba, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sáré gbé èkejì wọlé: 35 sí 28. Oṣù yẹn kan náà ló gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Sáà kan ṣì kù fún un nítorí pé mẹ́ta péré ló tíì ná, Oklahoma ló sì ti lọ gbá a ní 2019. Ní Oṣù Kejì ọdún 2025, Philadelphia Eagles, ikọ̀ amọṣẹ́dunjú tí Hurts ń gbá fún, gba Super Bowl, àṣekágbá àwọn amọṣẹ́dunjú, òun ni wọ́n sì fún ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù lọjọ́ náà.

Bryant àti Hurts, èwo ló ṣe é dáadáa? Àwọn méjèèjì. Iye sáà tó kù lọ́wọ́ olúkúlùkù ló yàtọ̀. Hurts lè fi ọdún kan tọrẹ, kó sì tún ní òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Bryant kò ní èyí tó lè fi tọrẹ.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá mìíràn máa ń fẹ́ kí pápá bá òun yàn. Ní Michigan ní 2022, Jim Harbaugh ní Cade McNamara, tó ti mú wọn na Ohio State tó sì gba ife Big Ten, ìdíje ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì tí Michigan wà nínú rẹ̀, fún wọn lọ́dún tó ṣáájú, ó sì ní J.J. McCarthy tó kéré sí i. Ó kéde pé McNamara yóò bẹ̀rẹ̀ eré àkọ́kọ́, McCarthy yóò bẹ̀rẹ̀ èkejì. McNamara borí Colorado State. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, McCarthy bá Hawaii gbá, bọ́ọ̀lù 11 nínú 12 tó jù ló dé ọwọ́ ẹni tó jù ú sí. Ìyẹn parí ọ̀rọ̀. McNamara lọ sí Iowa lẹ́yìn sáà náà, McCarthy sì gba àṣekágbá orílẹ̀-èdè fún Michigan ní Oṣù Kìíní ọdún 2024.

Inú mi dùn láti fi kún un pé ọwọ́ ọmọ Yorùbá ni bọ́ọ̀lù ti ń kúrò kó tó dé ọwọ́ àwọn quarterback méjì yẹn. Olusegun Oluwatimi ló wà ní ipò àárín, ẹni tó máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń ti àárín ẹsẹ̀ fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sẹ́yìn. Ọmọ tí a tọ́ ní Maryland ni. Air Force ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2017, ó sì lọ sí Virginia. Òfin ìgbà náà kò jẹ́ kó wọ ìdíje ní 2018 torí pé ó yí yunifásítì padà. Ó dúró. Nígbà tí 2022 fi máa parí, òun ló gba Outland Trophy àti Rimington Trophy, ẹ̀bùn méjì tó ga jù fún àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀.

Òfin tó dá Oluwatimi dúró yẹn ti kúrò nílẹ̀. Ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2018, NCAA ṣí àkọsílẹ̀ tí agbábọ́ọ̀lù tó bá fẹ́ kúrò lè fi orúkọ rẹ̀ sí, kí yunifásítì mìíràn sì bá a sọ̀rọ̀. Ní 2021 wọ́n gbà kí ọmọ yí padà lẹ́ẹ̀kan láìdúró ọdún kan. Láti ìgbà náà ló ti ṣòro fún akọ́nimọ̀ọ́gbá láti tọ́jú quarterback méjì pa pọ̀, nítorí ẹni tí wọn ò yàn mọ̀ pé òun lè bẹ̀rẹ̀ eré níbòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Joe Burrow ti gba ọ̀nà yìí kí ó tó rọrùn báyìí: ó ṣe redshirt ní Ohio State ní 2015, kò rí ipò gbà níbẹ̀, ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó lọ sí LSU ní 2018. Ní 2019 ó ju touchdown 60, ó sì gba Heisman, ẹ̀bùn tó ga jù nínú bọ́ọ̀lù yunifásítì.

Ó ku redshirt ti ìfarapa. Bí ọmọ bá ṣèṣe ní ìdajì àkọ́kọ́ sáà, tí àìsàn náà sì dá a dúró títí sáà fi parí, tí kò sì tíì wọ ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn eré lọ, ilé ẹ̀kọ́ lè bẹ NCAA kí wọ́n má ka sáà náà mọ́ ọn. Ìwé dókítà tí wọ́n kọ lásìkò tó ṣèṣe gan-an ni wọ́n máa ń béèrè, nítorí náà kí ẹ ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ bi akọ́nimọ̀ọ́gbá léèrè kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ bóyá redshirt ló ní lọ́kàn, kí ẹ sì máa ka eré ọmọ yín fúnra yín. Ìgbìyànjú ẹyọ kan, kódà kó jẹ́ ìgbà tí wọ́n ń ta bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, eré kan ni wọ́n kà á sí. Bó bá ti pé mẹ́rin, kí ọmọ fúnra rẹ̀ lọ bá akọ́nimọ̀ọ́gbá sọ̀rọ̀ kó tó wọ ẹ̀karùn-ún.