Ìjẹníyà ọrọ̀ ajé lórí ìjọba Sani Abacha

Ìjẹníyà ọrọ̀ ajé lórí ìjọba Sani Abacha ni àkójọ àwọn ìfòfindè tí Amẹ́ríkà, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, àjọ Commonwealth (àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wà lábẹ́ Britain rí) àti àwọn orílẹ̀-èdè kan gbé lé ìjọba ológun Nàìjíríà lórí láàárín ọdún 1993 sí 1999. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Ibrahim Babangida fagi lé ìdìbò 12 oṣù kẹfà ọdún 1993. Ó le sí i lẹ́yìn tí ìjọba Abacha so Ken Saro-Wiwa, òǹkọ̀wé tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn Ògóni ní agbègbè epo, àti àwọn ọmọ Ògóni mẹ́jọ mìíràn rọ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1995, ó sì tú ká díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí Abacha kú ní 8 oṣù kẹfà ọdún 1998. Ohun ìjà, físà, owó ìrànwọ́ àti eré ìdárayá ló kàn. Kò kan epo rọ̀bì, kò sì kan owó tí àwọn aláṣẹ ń kó lọ sí báńkì òkèèrè, bẹ́ẹ̀ ohun méjì yìí gan-an ló gbé ìjọba náà ró.

Bí aáwọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀

M.K.O. Abiola, ọmọ Abẹ́òkúta tó díje lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú SDP, ló ń mókè nínú èsì ìbò tó ti jáde kí Babangida tó fagi lé e ní 23 oṣù kẹfà ọdún 1993. Amẹ́ríkà àti Yúróòpù dáhùn lọ́dún náà: wọ́n dá ìrànwọ́ àti ìdálẹ́kọ̀ọ́ àwọn ológun dúró, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fawọ́ físà sẹ́yìn fún àwọn ọ̀gá ológun àti ìdílé wọn. Ní oṣù kẹjọ, Amẹ́ríkà dá ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ tààrà láti Èkó sí ilẹ̀ rẹ̀ dúró. Ọ̀rọ̀ ààbò ní pápákọ̀ Murtala Muhammed ni wọ́n fi ṣe ìdí èyí, wọn kò pè é ní ọ̀rọ̀ òṣèlú, ṣùgbọ́n òun ni mẹ̀kúnnù fojú ara rẹ̀ rí jù. Ẹni tó bá ń lọ sí New York ní láti kọ́kọ́ balẹ̀ sí ìlú mìíràn.

Abacha gba ìjọba lọ́wọ́ Ernest Shonekan, olórí ìjọba fìdí-hẹ, ní 17 oṣù kọkànlá ọdún 1993. Ní 11 oṣù kẹfà ọdún 1994, Abiola kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní Epetedo, ní ìlú Èkó, kò sì ju ọjọ́ méjìlá lọ tí wọ́n fi mú un. NUPENG, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo tí Frank Kokori jẹ́ akọ̀wé àgbà rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní oṣù keje, PENGASSAN, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ epo, sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ó tó oṣù méjì kí ó tó rọlẹ̀. Abacha tú ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ méjèèjì ká, pẹ̀lú ti NLC, àjọ àpapọ̀ àwọn òṣìṣẹ́, ó sì ti Kokori mọ́lé láìgbé e lọ sí kóòtù títí Abacha fúnra rẹ̀ fi kú. Ní gbogbo ọdún tó lò lórí àga, ìgbà yìí ni wọ́n fọwọ́ kan epo gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ló sì ṣe é. Ó yẹ kí èyí hàn ju bó ṣe ń hàn lọ nínú ọ̀pọ̀ ìtàn tí wọ́n kọ nípa àsìkò náà.

Ẹgbẹ́ NADECO, tó ń jà fún ìjọba tiwa-n-tiwa, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1994 pẹ̀lú Michael Ajasin gẹ́gẹ́ bí aṣáájú, gbé ẹjọ́ náà lọ sí òkèèrè nígbà tí ilé kò gba àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́. Anthony Enahoro, Wole Soyinka àti Bola Tinubu wà lára àwọn tó sá jáde. Wọ́n ń bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ ní London àti Washington, ohun kan náà ni wọ́n sì ń tọrọ: ẹ má ra epo Nàìjíríà mọ́.

Oṣù kọkànlá ọdún 1995

Ní 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995 ni wọ́n so Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ yòókù rọ̀ ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Port Harcourt. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ìpàdé àwọn olórí Commonwealth ń bẹ̀rẹ̀ ní Auckland, ní New Zealand. Nelson Mandela, tó ti ń rọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n fi sùúrù bá Abacha lò, yí ohùn padà. Ó ní orí òkè ayọnáyèéfín ni Abacha jókòó lé. Lọ́jọ́ kejì, àjọ náà dá Nàìjíríà dúró gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ọdún méjì láti padà sí ìjọba tiwa-n-tiwa.

Amẹ́ríkà, Gúúsù Áfíríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù pe aṣojú wọn wálé. Amẹ́ríkà fòfin de títa ohun èlò ogun fún Nàìjíríà. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ìpinnu rẹ̀ ní 20 oṣù kọkànlá àti 4 oṣù kejìlá: kò sí ohun ìjà, kò sí físà fún àwọn tó wà nínú ìjọba, owó ìdàgbàsókè dúró, eré ìdárayá náà dúró. Kánádà le ju ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ Commonwealth lọ. Nígbà tí àwọn yòókù sún ìgbésẹ̀ tuntun síwájú ní ọdún 1996, Kánádà gbé tirẹ̀.

Epo rọ̀bì

Nínú gbogbo dọ́là tí Nàìjíríà ń rí láti òkèèrè nígbà náà, ó lé ní ìdá 90 nínú 100 tó jẹ́ owó epo rọ̀bì. Nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì àgbá ni wọ́n ń wà lóòjọ́. Amẹ́ríkà ló ń rà jù, ó ń ra nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún. Spain, Ítálì, Faransé àti Jámánì náà ń rà. Èyí já sí pé àwọn tó ń bá Abacha jà náà ló ń san owó tó fi ń ṣe ìjọba.

Irú epo tí Nàìjíríà ń tà ní ipa tó kó. Epo Bonny fúyẹ́, súfúrù inú rẹ̀ kéré, bẹntiróòlù púpọ̀ sì máa ń jáde lára rẹ̀ láìsí wàhálà. Èyí ló mú kí àwọn ilé ìfọpo tó wà ní etíkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn tí kò fẹ́ ìfòfindè ní bí Amẹ́ríkà nìkan bá kọ̀ ọ́, ọkọ̀ ojú omi á kàn kọ orí sí ibòmíràn ni, epo náà á sì rí oníbàárà kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ní àfi kí gbogbo ayé pawọ́ pọ̀ kó tó lè mú. Òótọ́ wà nínú àlàyé yìí, nítorí epo kì í ṣe nǹkan tí ẹnì kan lè dá dí ọjà rẹ̀. Àwọn NADECO fèsì pé kò dìgbà tí owó ìjọba bá tán kó tó mì, ìdádúró oṣù díẹ̀ péré ti tó láti mì í, nítorí kò sí owó ìpamọ́ gidi nílẹ̀, gbèsè òkèèrè sì ti lé ní bílíọ̀nù 25 dọ́là. Wọn kò dán an wò, nítorí náà kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìhà kan ló jàre.

Ní Washington, sẹ́nétọ̀ Nancy Kassebaum gbé àbádòfin kan wá ní ọdún 1995 láti fi le ìjẹníyà náà sí i, Donald Payne sì ń jà fún irú rẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin. Kò di òfin. Àwọn ìlú kan gbé ìgbésẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ kò gbé: Oakland àti Berkeley ní California pinnu pé àwọn kò ní í bá ilé iṣẹ́ tó ń ṣòwò ní Nàìjíríà dá ọjà pọ̀. Láàárín àwọn olórí Áfíríkà, Mandela kò rí ẹni tẹ̀ lé e lórí ọ̀rọ̀ epo. Ìjọba rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì dẹwọ́ nígbà tó yá.

Iṣẹ́ gáàsì ní Bonny fi hàn kedere ibi tí ìjẹníyà náà dé dúró. IFC, ẹ̀ka Báńkì Àgbáyé tó ń bá àwọn aládàáni ṣòwò, yọwọ́ nínú iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí wọ́n so Saro-Wiwa rọ̀. Shell, Elf àti Agip kò yọwọ́. Kí ọdún 1995 tó parí, àwọn àti NNPC, ilé iṣẹ́ epo ìjọba Nàìjíríà, ti fọwọ́ sí àdéhùn kíkọ́ ilé iṣẹ́ náà, pẹ̀lú àlàyé láti ọ̀dọ̀ Shell pé aráàlú ni yóò jìyà bí iṣẹ́ bá dúró. Ọdún 1999 ni ọkọ̀ gáàsì àkọ́kọ́ gbéra níbẹ̀.

Nílé, ìyà epo jẹ aráàlú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìfòfindè ló fà á. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1994, ìjọba gbé jálá bẹntiróòlù kúrò ní náírà 3 àti kọ́bọ̀ 25 sí náírà 15, kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí náírà 11. Àwọn ilé ìfọpo kò rí àtúnṣe, àwọn ọkọ̀ sì ń tò sí ilé epo láti òru mọ́jú ní orílẹ̀-èdè tó ń ta epo fún Amẹ́ríkà.

Náírà, dọ́là àti báńkì òkèèrè

Ní oṣù kìíní ọdún 1994, ìjọba kan dọ́là kan mọ́ náírà 22. Ní ọjà bílákì, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ owó, dọ́là kan náà lé ní náírà 80 nígbà tó fi máa di ọdún 1995. Ẹni tí ìjọba bá fọwọ́ sí ìwé fún láti ra mílíọ̀nù kan dọ́là á san mílíọ̀nù 22 náírà. Bó bá yà á sí ọjà bílákì, á kó ohun tó lé ní mílíọ̀nù 80 lọ sílé láìta abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo. Ìfòfindè kankan kò dé ibi òwò yìí.

Owó tó tóbi jù gba ọ̀nà mìíràn. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ikú Abacha fi hàn pé olùdámọ̀ràn rẹ̀ lórí ètò ààbò máa ń kọ lẹ́tà béèrè owó fún ọ̀rọ̀ ààbò tó jẹ́ kánjúkánjú. Abacha á fọwọ́ sí i, Báńkì Àpapọ̀ á sì san án, dọ́là tàbí pọ́n-ùn, lọ́pọ̀ ìgbà ní owó bébà tí wọ́n ń kó sínú àpò. Iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ Amẹ́ríkà sọ nínú ẹjọ́ tó pè lórí owó náà pé ó lé ní bílíọ̀nù méjì dọ́là tó gba ọ̀nà yìí jáde. Láti ibẹ̀ ó ń lọ sí Switzerland, London, Jersey, Luxembourg àti Liechtenstein.

Ní ọdún 2001, àjọ tó ń mójú tó ètò ìnáwó ní Britain kéde pé báńkì 23 ní ìlú náà ló ní àkáǹtì tó jẹ mọ́ ẹbí Abacha tàbí àwọn tó sún mọ́ ọn, àti pé bílíọ̀nù 1.3 dọ́là ló wọlé tó sì jáde nínú wọn láàárín ọdún 1996 sí 2000. Àwọn ọdún tí Britain ń fi físà du àwọn ìjòyè ìjọba náà wà nínú ọdún wọ̀nyí. Àwọn àríyànjiyàn lórí ìjẹníyà yìí kì í sábà dárúkọ báńkì. Ohùn àwọn tó ń kọ̀wé lórí òṣèlú àti ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ló pọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà àkáǹtì ìbá ti dun àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ju físà lọ.

Èsì Abacha

Abacha kọjú sí àwọn ọ̀rẹ́ mìíràn. Ní ọdún 1995, ó gbé iṣẹ́ àtúnṣe ojú irin fún ilé iṣẹ́ CCECC ti ilẹ̀ Ṣáínà, ní iye tó lé ní mílíọ̀nù 500 dọ́là. Li Peng, olórí ìjọba Ṣáínà, wá sí Nàìjíríà ní oṣù karùn-ún ọdún 1997. Nínú oṣù yẹn kan náà ni Muammar Gaddafi fi ọkọ̀ òfuurufú wá, nígbà tí òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣì de ìrìnnà òfuurufú Líbíà. Ológun Nàìjíríà tó wà nínú ECOMOG, ikọ̀ ológun àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ní Liberia àti Sierra Leone tún jẹ́ kí ó ṣòro fún àwọn òyìnbó láti dójú tì í pátápátá. Ní oṣù kẹta ọdún 1998, ìjọba ológun yìí ló dá Tejan Kabbah, ààrẹ Sierra Leone tí aráàlú dìbò yàn, padà sórí àga ní Freetown.

Ní ti bọ́ọ̀lù, Nàìjíríà, tó gba ife Áfíríkà ní ọdún 1994, kọ̀ láti lọ sí Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 1996, CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, sì fòfin dè é fún ìdíje ọdún 1998. Yúróòpù yọ ife ẹ̀yẹ àgbáyé ti Faransé ọdún 1998 sílẹ̀ nínú ìfòfindè tirẹ̀.

Ìjà náà dé orí orúkọ òpópónà. Wọ́n yìnbọn pa Kudirat Abiola, ìyàwó M.K.O., ní ìlú Èkó ní 4 oṣù kẹfà ọdún 1996, àwọn tó wà ní òkèèrè sì sọ rédíò ìgbì kúkúrú wọn ní Radio Kudirat. Lẹ́yìn náà, ìlú New York fi orúkọ rẹ̀ pe orígun ibi tí òpópónà 44 ti pàdé Second Avenue ní Manhattan. Níbẹ̀ gan-an ni Nigeria House, ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà, wà, tó fi jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Abacha ní láti máa kọjá lábẹ́ orúkọ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìjọba fèsì ní Èkó: wọ́n yí orúkọ Eleke Crescent ní Victoria Island, níbi tí ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà wà, padà sí Louis Farrakhan Crescent, orúkọ aṣáájú Nation of Islam, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, tó ti wá kí Abacha. Lẹ́yìn tí ológun lọ ni wọ́n sọ ọ́ di Walter Carrington Crescent. Carrington ni aṣojú Amẹ́ríkà láti 1993 sí 1997, ọlọ́pàá sì da àpèjẹ ìdágbére tí wọ́n ṣe fún un rú ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1997.

Ìtúká ìfòfindè

Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin ọdún 1998, gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú márùn-ún tí ìjọba fọwọ́ sí ti fa Abacha kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùdíje wọn. Bola Ige ti pè wọ́n ní ìka márùn-ún ọwọ́ adẹ́tẹ̀. Ikú Abacha ló dá ètò náà dúró. Abiola kú ní 7 oṣù keje, nínú àhámọ́, nígbà tó ń bá àwọn aṣojú Amẹ́ríkà ṣe ìpàdé. Abdulsalami Abubakar, tó gba ìjọba, tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú sílẹ̀, Yúróòpù sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìfòfindè rẹ̀ kí ọdún náà tó parí. Commonwealth gba Nàìjíríà padà ní 29 oṣù karùn-ún ọdún 1999, ọjọ́ tí Olusegun Obasanjo gorí àga, Amẹ́ríkà sì tún fàyè gba ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó kí ọdún yẹn tó parí.

Ọ̀rọ̀ owó kò parí síbẹ̀. Switzerland dá nǹkan bíi mílíọ̀nù 500 dọ́là padà títí di ọdún 2005 tàbí díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì tún fi nǹkan bíi mílíọ̀nù 320 kún un ní ọdún 2017. Ní ọdún 2020, Jersey àti Amẹ́ríkà dá ohun tó lé ní mílíọ̀nù 308 dọ́là padà, lábẹ́ àdéhùn pé iṣẹ́ mẹ́ta ni kí wọ́n ná an sí: ọ̀nà Abuja sí Kano, afárá kejì lórí odò Ọya, àti ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn.