Ọdún tó wà lára ìbọn Winchester kì í ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀

Ní Amẹ́ríkà, bí àgbà tó ń ṣọdẹ bá papòdà, ìbọn Winchester kan sábà máa ń wà nínú ogún tí wọ́n máa pín. Ẹni tí ìbọn bá kàn á gbé e wò, á rí 1894 lára irin rẹ̀, á sì gbà pé ọdún tí wọ́n ṣe é nìyẹn. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Model 1894 ni orúkọ irú ìbọn náà. August 21, 1894 tó máa ń wà nítòsí orúkọ yẹn ni ọjọ́ tí John Moses Browning gba pátẹ́ǹtì, ìyẹn ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, lórí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Winchester ní ìlú New Haven, ìpínlẹ̀ Connecticut, sì ń lu ọjọ́ yẹn mọ́ ìbọn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ti Model 1873 tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: March 29, 1866 àti October 16, 1860 ló wà lórí ọ̀pá rẹ̀, àwọn ọjọ́ tó ti kọjá kí irú ìbọn náà tó dé ayé rárá.

Kí ẹnikẹ́ni tó máa ka ohunkóhun lára ìbọn, ẹ rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Winchester kò dà bíi ṣakabùlà tí wọ́n ń ti ẹnu kì. Ẹnu ọ̀nà kékeré kan wà lápá ọ̀tún tí wọ́n ń ti ọta gbà wọlé, àwọn ọta á sì tò tẹ̀lé ara wọn nínú páìpù tó wà lábẹ́ ọ̀pá ìbọn. Lẹ́fà ni irin tó yí ìfà ká, tí ìka ọwọ́ ń wọ̀. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá já a wálẹ̀ tí wọ́n sì dá a padà, ọta kan á kúrò nínú páìpù bọ́ sí ihò ọ̀pá. Nítorí náà, pé ihò ọ̀pá ṣófo kò túmọ̀ sí pé ìbọn ṣófo. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí kò sí ènìyàn, ẹ mú ìka kúrò lórí ìfà, kí ẹ sì máa já lẹ́fà wálẹ̀ dé òpin títí tí ohunkóhun kò fi ní jáde mọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo ihò ọ̀pá, kí ẹ sì wo ìdí páìpù. Ẹ fi lẹ́fà sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ibi tí jàǹbá ti sábà ń ṣẹlẹ̀ ni ìgbà tí ènìyàn bá ń fi àtàǹpàkò rọra sọ òòlù ìbọn (irin ẹ̀yìn tó ń mú kí ọta dún) kalẹ̀ nígbà tí ọta ṣì wà nínú ihò: bí àtàǹpàkò bá yọ̀, ìbọn á dún. Bí ọta bá há sínú rẹ̀, ẹ má fipá yọ ọ́, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún ìbọn ṣe.

Irú ìbọn tó jẹ́ ló kàn, torí àtẹ tí wọ́n fi ń wá ọdún láti inú nọ́ńbà ìbọn kò wúlò fún ẹni tí kò mọ irú ìbọn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Winchester 1894 máa ń ta òkú ọta jáde láti òkè, bí wọ́n bá sì já lẹ́fà rẹ̀, irin pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ikùn ìbọn (àpótí irin àárín tó gbé lẹ́fà àti òòlù) á bá a sọ̀ kalẹ̀. Bí òkè ikùn bá dí pa, tí òkú ọta ń gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún jáde, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ mìíràn, Marlin. Bí òòlù kò bá hàn síta, tí kò sì sí páìpù lábẹ́ ọ̀pá, ẹ wò ó bóyá 1899 ti ilé iṣẹ́ Savage ni. Model 1873 ní ìdérí kékeré tó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ lókè, irin pẹlẹbẹ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Model 1886 àti 1892 jọ ara wọn, torí Browning ló ṣe méjèèjì: bí wọ́n bá ti lẹ́fà pa, irin ìdè méjì á hàn lóòró ní ọ̀tún àti òsì. 1892 ló kéré, àwọn ọta kúkúrú ló sì ń jẹ. Lára àwọn tó ti pẹ́, orúkọ irú ìbọn sábà máa ń wà lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn òòlù. Nígbà tó yá ni wọ́n gé Model 1894 kúrú sí Model 94, èyí náà sì jẹ́ àmì ọjọ́ orí.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wọn ọ̀pá. Ìbọn gígùn 1894 sábà máa ń ní ọ̀pá íǹṣì 26, olójúmẹ́jọ tàbí roboto, irin tó wà nídìí igi rẹ̀ sì máa ń tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tuntun. Èyí tó kúrú, tí wọ́n ń pè ní carbine, jẹ́ íǹṣì 20, òrùka irin pẹlẹbẹ méjì ló sì dè é mọ́ páìpù. Títí di àárín àwọn ọdún 1920, carbine sábà máa ń ní òrùka kékeré kan lápá òsì tí wọ́n fi ń so ó mọ́ gàárì ẹṣin. Ìwọ̀n ọta tí wọ́n kọ sórí ọ̀pá náà ń sọ̀rọ̀: .32-40 àti .38-55 ló kọ́kọ́ jáde, .25-35 àti .30 W.C.F., tí gbogbo ayé ń pè ní .30-30, dé ní 1895. Model 1894 tó bá ń jẹ .30, ó dájú pé kì í ṣe ọdún 1894 ni wọ́n ṣe é.

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ wà lábẹ́ ikùn ìbọn, lápá iwájú. Bí ó bá ti ń parẹ́, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fi ẹfun funfun pa á díẹ̀. Ẹ má fi fáìlì tàbí ásíìdì kàn án. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò fàyè gba níní ìbọn tí wọ́n ti pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́, iṣẹ́ tó bá sì jọ pípa á rẹ́ lè dá wàhálà sílẹ̀.

Níbi nọ́ńbà yìí ni àwọn tó ń wá ọdún lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti máa ń kọsẹ̀. Àtẹ méjì ló wà, wọn kò sì bára mu. Ọ̀kan ni èyí tó ti gbilẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Èkejì ni àkọsílẹ̀ yàrá tí wọ́n ti ń dán irin ní New Haven, níbi tí wọ́n ti ń kọ ọjọ́ tí wọ́n lu nọ́ńbà mọ́ ikùn ìbọn sílẹ̀. Èyí ló yẹ kí ènìyàn gbára lé. Fún àwọn nọ́ńbà kan, ọdún mélòó kan ló wà láàárín méjèèjì. Ọjọ́ tí wọ́n lu nọ́ńbà sì yàtọ̀ sí ọjọ́ tí ìbọn wọ ilé ìkẹ́rùsí, ó tún yàtọ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí oníbàárà. Cody Firearms Museum ní ìlú Cody, ìpínlẹ̀ Wyoming, ló ń tọ́jú àwọn ìwé yìí. Fún Model 1894, ìwé ilé ìkẹ́rùsí wà fún nọ́ńbà 1 dé 353,999. Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá bọ́ sí àárín yẹn lè sanwó gba lẹ́tà tó máa sọ ìwọ̀n ọta, irú ọ̀pá àti ọjọ́ tí ìbọn jáde. Lẹ́tà yẹn ṣe pàtàkì nítorí òfin ìbọn ti ọdún 1968: ìbọn tí wọ́n bá ṣe ní 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀ jẹ́ ohun àtijọ́ lójú òfin àpapọ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní 1899 kò sí nínú rẹ̀. Ààlà yẹn gan-an ni Model 1894 jókòó lé.

Fún ẹni tó kàn fẹ́ mọ ibi tí òun wà, nọ́ńbà 1,000,000 ni wọ́n fi ta Ààrẹ Calvin Coolidge lọ́rẹ ní 1927, nọ́ńbà 2,000,000 sì lọ sọ́dọ̀ Ààrẹ Eisenhower ní 1953. Láti 2,700,000 lọ, ìbọn tí wọ́n ṣe lẹ́yìn àtúnṣe 1964 ni. Lọ́dún yẹn, ilé iṣẹ́ dín ìnáwó kù. Irin tí ń gbé ọta sókè di páànù títẹ̀, páìnì oníhò sì rọ́pò síkúrù ní àwọn ibì kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ra ìbọn fi máa ń kọ́kọ́ bèèrè pé ṣé ṣáájú 1964 ni.

Ọdún tí nọ́ńbà bá fún yín, ọdún ikùn ìbọn ni. Ẹ wò ó bóyá àwọn ẹ̀yà yòókù gbà bẹ́ẹ̀. Láti 1905 ni Winchester ti ń lu òǹtẹ̀ WP, àmì pé wọ́n ti dán agbára ìbọn wò, tó wà nínú òbìrí kékeré tó rí bí ẹyin, sára ọ̀pá àti ikùn. Bí WP bá wà lórí ọ̀pá, tí kò sí lórí ikùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ ọ̀pá. Síkúrù tí ẹnu rẹ̀ ti fọ́ ń sọ pé ẹnìkan ti tú ìbọn náà rí.

Àwọn kan tún wà tí ọjọ́ ńlá ara wọn ń tan ènìyàn jẹ. Èyí tí wọ́n kọ 1866–1966 sí, tí wúrà ń dán lára rẹ̀, ìbọn ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún tí Winchester ṣe ní 1966 ni, ó sì lé ní 100,000 tí wọ́n tà. Bákan náà, àwọn ará Ítálì ń ṣe ẹ̀dà Model 1873. Ẹ wá òǹtẹ̀ ìjọba Ítálì lára irin. Láti 1975, lẹ́tà méjì ni wọ́n fi ń sọ ọdún níbẹ̀, AA sì ni 1975 fúnra rẹ̀. Ti Marlin rọrùn ní tirẹ̀: láti 1973 títí di òpin ọ̀rúndún yẹn, ẹ yọ nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ kúrò nínú 100, ohun tó bá kù ni ọdún. 27 jẹ́ 1973.

Ó ń dunni gan-an láti rí ìbọn tó pé lọ́wọ́ bàbá fún ọgọ́ta ọdún, tí ọmọ wá fi sáńpépà bà á jẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ kan. Igi tí kò tíì rí sáńpépà máa ń ga díẹ̀ ju irin tó fara kàn án lọ. Ẹ fi èékánná wọ́ ojú ibi tí igi àti irin ti pàdé, ẹ ó mọ̀ ọ́n. Bí igi bá ti rì sísàlẹ̀ irin, wọ́n ti ha á. Bí wọ́n bá ti ha irin kí wọ́n tó pa á láró tuntun, etí lẹ́tà máa ń di bọrọgidi, ojú ihò síkúrù á sì jin bí àwo. Àwọ̀ ilẹ̀ tó ti gba ara irin náà kì í ṣe ìdọ̀tí. Aṣọ òwú àti òróró ìbọn díẹ̀ ti tó. Ìpata pupa tó ṣì ń jẹ irin ni kí ẹ fi òróró rẹ, kí ẹ sì rọra nù ún. Ẹ má gbé irin ìfọ̀kòkò dé ibẹ̀.

Òfin àpapọ̀ gbà kí ajogún tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ mìíràn gba ìbọn tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un nínú ìwé ìhágún, tàbí tó kàn án lábẹ́ òfin ogún, bí kò bá sí òfin tó kà á léèwọ̀ fún un láti ní ìbọn. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, kí ẹ bi agbẹjọ́rò níbi tí ẹ ń gbé. Kí wọ́n tó yìn ín, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tún ìbọn ṣe wọn ihò ọ̀pá àti àlàfo ìdí ọta, kó sì wo ojú ọ̀pá. Model 1873 pàápàá, ẹ̀tù dúdú tó ń rú èéfín ni wọ́n ṣe é fún. Ọta òde òní tí agbára rẹ̀ pọ̀ lè wọ ihò rẹ̀ wẹ́kú, kó sì fọ́ ìbọn náà mọ́ ẹni tó yìn ín lójú.